Ọjọ́ Tí Ìyá Ọdẹ Bi Wá Léèrè Lójúde

Àwa mẹ́rin la máa ń jáde láràárọ̀ Sátidé láti wàásù ní ìta gbangba ní Ṣakí. Tíṣà wa ni aṣáájú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wá láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún létí òkun, tó ṣì ń jẹ ọkà bàbà bí ẹni tó ń gbé oògùn mì. Ìyá kan tó ń ta òrí ló máa ń gbé àpótí kékeré tí oníwàásù ń dúró lé lórí. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi kan nínú ìgbàgbọ́, tí oko rẹ̀ àti tèmi jọ pààlà. Òun ló ń lu agogo, òun náà ló ń dá orin. Èmi ni ẹ̀kẹrin. Ẹ̀gbọ́n yìí fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti fún mi ní ohùn tó ròkè, nítorí náà èmi ni wọ́n sábà máa ń gbé gun àpótí. Ìròyìn ogun àwọn òyìnbó kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà.

Mo fẹ́ràn àwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn púpọ̀. A óò dúró ní ẹsẹ̀ àpáta, ibi tí àwọn obìnrin tó lọ pọnmi ń gbà kọjá, ẹ̀gbọ́n yóò lu agogo, àwọn èèyàn yóò sì máa yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Àwọn kan a fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará wa Mùsùlùmí a dúró díẹ̀, wọn a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run o," wọn a sì máa bá tiwọn lọ. Bí a bá parí, ilé ìyá tó ń ta òrí la máa ń yà sí, a óò jókòó yí iṣu sísun àti epo ká, a óò máa rántí ohun tí ẹnì kan sọ àti bí ẹlòmíràn ṣe wò wá. Mo máa ń padà sílé bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, mo lọ sun koríko tó wà ní ààlà oko mi. Ọyẹ́ ń fẹ́. Mo ti ro ẹ̀bá ọ̀nà kí iná má baà kọjá, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kàn dédé yí padà, iná sì fo ọ̀nà náà bí ẹran tó bọ́ lókùn. Mo já ẹ̀ka igi emi, mo fi ń lù ú, irun apá mi jó, iná kò gbọ́. Nígbà tí mo gun orí òkìtì ọ̀gán láti wo iwájú, àká ẹ̀gbọ́n mi ti ń jó. Gbogbo ọkà bàbà tó kó ní ọdún náà ló wà nínú rẹ̀.

Kò sí ẹnì kankan nítòsí. Mo gba ọ̀nà mìíràn padà sílé, mo wẹ̀, mo jókòó. Nígbà tí ariwo ta, mo bá àwọn èèyàn sáré lọ pa iná tí mo fi ọwọ́ ara mi dá.

Ọdẹ kan ti kọjá lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ọdẹ a máa sun pápá láti lé ẹran jáde. Ẹ̀gbọ́n rí ipasẹ̀ rẹ̀, ó sì fà á lọ sílé baálẹ̀ àdúgbò. Ọmọ náà búra títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Olórí ọdẹ ní kò gbọdọ̀ bá wọn jáde lọ́dẹ mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Dánásóko. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ bá àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì. Mo wà nílé baálẹ̀ ní ọjọ́ ẹjọ́ náà. Mo jókòó sáàárín àwọn onígbàgbọ́, n kò sọ nǹkan kan.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gun àpótí, mo wàásù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ títí dòní nìyẹn: ohùn mi kò há.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí tíṣà mú wa lọ sí ojúde agbo ilé kan tí a kò wàásù níbẹ̀ rí. Kò mọ̀ pé agbo ilé ọdẹ náà ni. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ran òwú. Mo fẹ́ yẹra, àmọ́ wọ́n ti gbé àpótí kalẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́, bí Ọlọ́run ṣe kórìíra irọ́ tó. Ìyá náà dáwọ́ òwú ríran dúró.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ọlọ́run tí o ń sọ yìí, ṣé ó ń rí oko?"

"Ó ń rí ibi gbogbo, Ìyá."

"Ó rí ọjọ́ tí àká ọ̀rẹ́ yín yìí jóná?"

"Ó rí i, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í léèrè ẹni tó dáná náà. Bó bá ní ọmọ mi ni, n ó gbà. Bí kì í bá ṣe òun, kó sọ, kí ọmọ mi lè máa bọ̀ wálé. Mi ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò fi wá ṣẹ̀sín rárá. Ó béèrè bí ẹni tó ń tọrọ omi mu. Tíṣà ti la ẹnu láti gbà mí sílẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Èmi ni." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yíjú wo ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo dáná náà, Ìyá. Ọmọ yín kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbé agogo sílẹ̀, ó kẹ́yìn sí wa, ó lọ. Ẹnì kan pariwo pé, "Ẹ wo onígbàgbọ́!" Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Kò wò mí. Ó kó òwú rẹ̀, ó wọlé lọ. Ìyá tó ń ta òrí wá jókòó tì mí nínú erùpẹ̀, kò bá mi wí, kò sì tù mí nínú. Tíṣà tí kò lóhùn orin rárá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe.

Ní ọ̀sán, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n. Mo bá a níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ohunkóhun tí oko mi bá mú jáde lọ́dún yìí, tiyín ni."

"A óò sọ ti ọkà tó bá yá. Ìgbẹ́tì ni mò ń lọ."

"Ìgbẹ́tì kẹ̀?"

"Ta ló fa ọmọ yẹn lọ sílé baálẹ̀? Èmi ni. Ta ló ní òun mọ ipasẹ̀ rẹ̀? Èmi ni. Ìwọ dákẹ́, èmi sọ̀rọ̀. Ta ló wá sàn nínú wa? Lọ di ẹrù tìrẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, yàtọ̀ sí "ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ" àti "omi rèé", kò bá mi sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé Ìgbòho, ọjà kún. Láìsọ fún mi, ẹ̀gbọ́n dúró sábẹ́ igi irú kan, ó pàtẹ́wọ́, ó dá orin. Àwọn èèyàn péjọ. Mo rò pé yóò pè mí láti wàásù. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ọjà, mo fẹ̀sùn èké kan ọmọ ọlọ́mọ, mò ń lọ bẹ̀ ẹ́." Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò mí. Èmi náà sọ tèmi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin kan tó ń ta iṣu kó méjì fún wa, kò gbowó. Bàbá àgbàlagbà kan tó di tẹ̀sùbáà mú ní àbúrò òun wà nínú ìlú kan náà pẹ̀lú òun, ọdún méje rèé táwọn kò ti kí ara wọn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ẹnì kan bá òun wo ẹrù òun, ó sì jáde kúrò lọ́jà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. A dúró títí oòrùn fi yẹ àtàrí, kò padà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi ohùn gíga wàásù, n kò rí ẹni tó gbéra sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Bí a ṣe ń lọ ni ẹ̀gbọ́n ní, "O rí i?"

Mo ní, "Mo rí i."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a bá ara wa sọ tó dénú.

Ní Ìgbẹ́tì, a bá ọdẹ náà lóko ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, ó ń kọ ebè. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ilẹ̀ tútù, èmi náà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà fò sẹ́yìn.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé!"

"A ò níí dìde títí o ó fi gbọ́ tán," ẹ̀gbọ́n ní.

A sọ ọ́ fún un, láti orí koríko dé orí ìbéèrè ìyá rẹ̀. Ó jókòó sórí ebè. Mo ń retí èpè. Nígbà tó máa lanu, ó ní, "Ìyá mi ńkọ́? Ṣé ara wọn le?" Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé e.

Ó bá wa padà. A tún gbogbo rẹ̀ sọ lójú baálẹ̀, olórí ọdẹ sì fa ọmọ náà mọ́ra. Ìkórè mi méjì ló wọ àká tuntun ẹ̀gbọ́n.

Mo sọ fún tíṣà pé n kò ní í gun àpótí mọ́. Ó ní, "Ta ló wá yẹ kó gùn ún?" Ó sì rọ̀ mí títí mo fi gbà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dúró níwájú èèyàn, ohùn mi kì í ròkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ló máa ń sún mọ́ wa kí wọ́n lè gbọ́.

Ọdẹ náà kò di ọ̀kan nínú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fi itan ẹtu ránṣẹ́ sí wa nígbà tó bá pa á. Ìyá rẹ̀ ló wá. Ó wọ kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi pẹ̀lú òwú rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó sẹ́yìn. Tíṣà bi í léèrè ìdí tó fi wá. Ó na ìka sí mi níbi tí mo wà.

"Mo fẹ́ mọ Ẹni tó la ẹnu ọkùnrin yìí," ó ní. "Ẹni tó lè mú kí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ dójú ti ara rẹ̀ lójú ayé, kì í ṣe ẹni kékeré."