Áńpíà Mẹ́wàá ní Borokiri

Òórùn wáyà jíjó ti gba gbogbo ilé ìwòsàn kékeré náà, ìyá mi sì ń rọbí lẹ́yìn ògiri. Dókítà ológun ní àfi kí wọ́n la inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí ti jóná. Ogun ò tíì tán, kẹrosíìnì àti igi ìdáná ò sí ní Borokiri. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé nítorí bọ́ǹbù. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń tan iná tí dókítà máa fi ríran, iná áńpíà méje péré ló lè gbé; tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kú.

Bàbá Oníná, aládùúgbò wa tó ń kọ́ mi níṣẹ́, jókòó ti ìkòkò náà, ó ń fi imú kùn bó ṣe máa ń ṣe. Ó gé ibi tó jóná lára wáyà inú rẹ̀ dànù, ó lọ́ ìyókù pọ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni méjì ní í ṣírò iná. Bí ìdáhùn wọn ò bá dọ́gba, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan súìṣì.

"Wọ́n kọ ọ́ sára ìkòkò," ó ní. "Agbára iná òjìlénígba fóòtì, áńpíà márùn-ún. Fi márùn-ún pín in. Óòmù méjìdínláàádọ́ta ni ìdènà tí wáyà yìí ń ṣe fún iná. Ìwọ ńkọ́?"

Kíláàsì kẹta ni mo dé kí ogun tó ti ilé ìwé, ṣùgbọ́n nínú ìṣírò, ẹ wá ẹlẹgbẹ́ mi láti Borokiri dé Woji, ẹ ò ní rí i. Mo so wáyà náà àti mítà tí a fi ń wọn iná mọ́ bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù, fóòtì méjìlá. Abẹ́rẹ́ mítà dúró sí ìlàjì áńpíà. Mo fi ìlàjì pín méjìlá.

"Bàbá, mẹ́rìnlélógún ni tèmi."

Sójà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbé ìbọn rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì. "Baba, on am. Abi na pikin be your oga?"

Ìyá mi ké. Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé méjìdínláàádọ́ta, kó tán. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ mẹ́rìnlélógún lóòótọ́, áńpíà mẹ́wàá ni wáyà yẹn máa fà, jẹnẹrétọ̀ á kú, òkùnkùn á sì bo ìyá mi pẹ̀lú ikùn lílà.

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà ẹ́?" Bàbá bi mí.

"Ó ń bà mí, sà. Mẹ́rìnlélógún náà ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kíkùn imú rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó yí sí sójà: "Oga, I miss am. The pikin correct." Ó wá sọ fún mi pé, "Kí n tó gé wáyà ni wọ́n kọ nǹkan yìí. Wáyà tó bá kúrú, iná á rọ́ gba inú rẹ̀ jù. Mi ò ka èyí tí mo gé dànù."

"With your white beard," sójà pòṣé.

Bàbá fa wáyà yọ nínú áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́, ó ń so ó mọ́ wáyà ìkòkò díẹ̀díẹ̀, èmi ń wo abẹ́rẹ́ títí ó fi wálẹ̀ sí ìdámẹ́rin áńpíà. A kẹ̀yìn síra, a ṣírò. Ẹnu wa pàdé: méjìdínláàádọ́ta. Áńpíà márùn-ún lórí òjìlénígba fóòtì, wáàtì ẹgbẹ̀fà. Gílóòbù dókítà á gba áńpíà kan, mẹ́fà lápapọ̀. Bàbá tan ìkòkò náà. Jẹnẹrétọ̀ kérora, kò kú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹkún àbúrò mi, a sì gbọ́ tí ìyá mi ń béèrè omi.

Lónìí, bí ẹ̀rọ oníná ńlá ilé iṣẹ́ bá kọ̀ ní Trans-Amadi, ta ni wọ́n á pè bí kò ṣe èmi? Mo ti mọ iná ju Bàbá lọ, mi ò fi bò. Àmọ́ bí ọmọ iṣẹ́ mi bá ní, "Ọ̀gá, tèmi yàtọ̀," màá tún un ṣírò. Mo lè gbé ọwọ́ kúrò lórí súìṣì. Kí n wá wojú oníbàárà, kí n ní èmi ni mo ṣì í, ìyẹn ni mi ò tíì lè ṣe; òun nìkan ni Bàbá ṣì fi jù mí lọ.