Ọdún Tí Wọ́n Fẹ́ Ta Ilé Tí À Ń Gbé

Ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò bá dáwọ́ dúró ni ọjà ilé máa ń yá ní Ẹ̀jìgbò. Àwọn àgbẹ̀ ìlú Isundunrin àti ìlú Ara tó wà nítòsí wa á ti ta iṣu wọn, ọ̀nà á ti gbẹ, àwọn èèyàn wa tó wà ní Àbíjàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálé. Bí ọkàn wọn bá balẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á wo ilé láàárọ̀, wọ́n á sì ti san àsansílẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bí ọkàn wọn ò bá balẹ̀, owó ìbáà wà lápò wọn, wọ́n á máa kan ògiri wò bí ẹni tó ń ra ìkòkò.

Ilé tí èmi àti ìyá mi ń gbé kì í ṣe tiwa. Bàbá kan ládùúgbò wa tí wọ́n ń ṣòwò ní Àbíjàn ló kọ́ ọ, wọ́n ní ká máa bá àwọn gbé e kó má baà di ilé alángbá. Nígbà tí a débẹ̀, ìyá mi ṣì ń ríran. Nígbà tí ojú wọn ṣú tán, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tá ògiri kiri, tí wọ́n fi kọ́ ọ̀nà inú ilé náà lákọ̀ọ́tun, títí wọn ò fi nílò kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n lọ sílé ìdáná tàbí balùwẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí bàbá onílé pè mí lórí fóònù pé àwọn fẹ́ ta ilé, káwọn lè mú òwò àwọn gbòòrò sí i. Ìyá mi gbọ́. Wọ́n ní, "Ṣé mo tún máa fọwọ́ kọ́ ọ̀nà inú ilé ẹlòmíràn báyìí?"

Bàbá ní kí n kọ́kọ́ pa ohun tó wà lára ògiri iwájú rẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, àkọlé pupa gàdàgbà tí àwọn onílé tó wà lẹ́yìn odi máa ń kọ kí oníjìbìtì má baà bá wọn tà á: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Mo ra ọ̀dà funfun, mo kùn ún. Bó ṣe gbẹ tán, lẹ́tà pupa tún yọjú. Mo tún un kùn, wọ́n tún yọjú. Mo ní kí wọ́n máa yọjú lọ.

Ohun tí èmi àti bàbá ò rò ni pé, nílùú wa, àkọlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́ ń dẹ́rù ba èèyàn ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Alágbàtà á mú oníbàárà wá, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á wo ògiri, ojú wọn á yí padà. Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé bi mí pé, "Ta ló pa á rẹ́? Ṣé ẹbí mọ̀ sí i, àbí ìwọ tó ò ń gbébẹ̀ lo fẹ́ tà á?" Mo ní kí wọ́n pe onílé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè dáhùn fóònù, pé nígbà tí gbogbo nǹkan le báyìí, àwọn ò ní fi owó àwọn ra ẹjọ́. Inú bí mi burúkú pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pè mí lólè. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò wọn ṣe ṣí, mo wọlé lọ jókòó ti ìyá mi, mò ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, bàbá onílé dé fúnra wọn. Mo ti gbà pé ó parí, pé wọ́n wá tà á lójú ara wọn ni. Àpótí kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ògiri, wọ́n mi orí, wọ́n wá jókòó ti ìyá mi.

"Ìyá, ọjà ti kú lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn ò náwó mọ́, èmi náà ò láyà láti kó owó sí i. Mo dúpẹ́ pé ilé yìí ò tíì tà, mo ṣì ní ibi tí mo lè padà sí."

Ìyá mi ní, "Ẹ ò tà á mọ́?"

"Mi ò tà á mọ́. Ẹ̀yin náà ò sì lọ síbì kankan."

Mo bú sẹ́kún, mi ò tijú.

Bàbá gbé àpótí wọn, wọ́n dúró sáàárín ilé tí wọ́n fi òógùn ojú wọn kọ́, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn kan sí òmíràn. Wọ́n rọra bi mí bí àlejò pé, "Ọmọ mi, yàrá wo lẹ lè yọ̀ǹda fún mi?"

Ìyá mi ò jẹ́ kí n dáhùn. Wọ́n ní, "Ẹ mú èyí tó bá wù yín, àfi tèmi."