Bíréèkì Ọ̀gá Mi Lórí Òkè Ọ̀kà

Òfin ọ̀gá mi, Alàájì Làmídì, kò gùn: ẹni tó bá tún bíréèkì ṣe ní Ọ̀kà, òun náà ni yóò wa ọkọ̀ ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ òkè lọ sí Ìkàrẹ́, ẹni tó ni ín á jókòó tì í. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò bá dá ọ lójú, má ṣe é. Èmi nìkan ni obìnrin tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn a sì máa yà wá wòran mi.

Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá ò lè ṣe ni kó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń wà. Gbogbo kọ́ńà ló máa ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níwájú rẹ̀, á máa pariwo, "Rọra! Rọra!" Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò kì í tètè bínú nígbà yẹn.

Nígbà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tí èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Epo bíréèkì ń jò sára táyà iwájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní ọsibítù ní Ìkàrẹ́, àwọn dókítà sì ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ti Ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń dúró dè.

"Ráfátù, bá mi pa paìpù ẹsẹ̀ yẹn."

Ohun tó ń wí ni pé ká ṣẹ́ paìpù náà po, ká fi òòlù lù ú pa, kí epo má dé ẹsẹ̀ táyà yẹn mọ́, kí bíréèkì táyà mẹ́ta yòókù máa dá ọkọ̀ dúró. Àwọn onímọ́tò wa fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè ṣàdédé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí òkè. Nígbà ayé iṣẹ́ ọ̀gá, òun gan-an ló máa ń lé ẹni tó bá dán an wò jáde.

"Bàbá, mi ò ní ṣe é."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́!"

"Ìdí tí mi ò fi ní ṣe é nìyẹn, sà."

Inú bí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún, kì í ṣe èmi ló ń bá jà.

Mo gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà bíréèkì ti sán bíi gìgísẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ paìpù irin tó so mọ́ ọn. Mo pààrọ̀ méjèèjì. Ó wá ku ká lé afẹ́fẹ́ jáde, torí bí afẹ́fẹ́ bá kù nínú paìpù, bíréèkì á kàn rì lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ni, ọkọ̀ ò ní dúró. Bàbá fúnra rẹ̀ bọ́ sórí àga awakọ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ dì í mú."

Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dì í mú, títí epo fi ń jáde láìhó mọ́.

Nígbà tí mo parí, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Mo wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ òkè. Ní kọ́ńà tó burú jù, mo yọjú wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó ń ja tẹ̀sùbáà rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn kí n lè sọ̀ kalẹ̀ fún Bàbá kó máa wà á lọ, ó di apá mi mú.

"Jókòó. Ìwọ ni wàá wà wá dé Ọ̀wọ̀."