Ohùn Kan Péré Láàárín Ọkọ̀ àti Ọkọ

Ó ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Tẹ Bíréèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn tó ń kọ́ mọ́tò wíwà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, nítorí ohun tó máa ń pariwo mọ́ wọn létí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn: "Tẹ bíréèkì! Mo ní o tẹ bíréèkì! Kí ni ìyá arúgbó yẹn fi ṣe ọ́?" Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì gbàgbé, òun náà ní bíréèkì tirẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, níhà ibi tó ń jókòó sí. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é sí i. Obìnrin náà kò ga, kò sanra, àmọ́ ohùn rẹ̀ lè dá tírélà dúró.

Ohùn yẹn náà ló fi ń kọrin. Lópin ọ̀sẹ̀, á wọ aṣọ tó ń dán, á dúró ní kọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, á sì máa kọrin fún àwọn tó ń jẹun. Onígbàjámọ̀ kan ló ń ta gìtá fún un, kunlékunlé kan ló ń lùlù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn mẹ́ta ti ń bá a bọ̀, àwọn tó ń jẹun kò sì gbójú sókè. Nígbà kan ẹnì kan pàtẹ́wọ́, inú wọn dùn dé ẹ̀yìn, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé agbóúnjẹ ló ń pè.

Mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀. Ọkọ̀ tó fi ń kọ́ni ló sọ wọ́n di tọkọtaya: ó kú sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, ó tún un ṣe, ó tún kú, ó tún un ṣe. Àwọn kan ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ láìdè ni, kí oníbàárà rẹ̀ lè tún padà wá. Kò jẹ́wọ́, kò sì sẹ́. Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí ti ń pè é ní Mẹkáníìkì, tí òun náà ń pè é ní Kọ́sítọ́mà. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bímọ, ọmọ di ọmọ ilé ìwé, Mẹkáníìkì àti Kọ́sítọ́mà ni wọ́n ṣì ń jẹ́ fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kí ó pe ọkùnrin náà ní "ọkọ mi" rí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwàdà ni, ó sì ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Orin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, inú òjò ló ti kọ ọ́, lọ́jọ́ tó ń ti ọkọ̀ yẹn gun òkè tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì jókòó sínú, tó di ìdarí mú bí ọba. Báyìí ló lọ:

*Ọkọ̀ mi, má fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà.*
*O ò dán bíi ti ará yòókù,*
*Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ̀nà ilé mi.*
*Bí o wúkọ́ láàárọ̀, màá dúró tì ọ́,*
*Bí o kọ̀ tí o ò lọ, màá sọ̀kalẹ̀, màá tì ọ́.*

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ta jí sí ọ̀rọ̀ wọn. Akọ̀wé ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é, nítorí bírò tó máa ń há sétí. Ó ń ta fóònù ní ìgboro, ó sì gbà pé kò sí nǹkan tí a kò lè tà láyé yìí. Ọjọ́ kan ló jókòó sí ilé oúnjẹ náà, ó wò wọ́n títí wọ́n fi parí, kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ta lẹ ń kọrin fún?"

"Gbogbo ayé."

"Gbogbo ayé kì í ra nǹkan kan. Ẹ wá èèyàn kéréje tó máa kúrò nílé nítorí yín, tí wọ́n á tún fa ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ wá. Ẹni tó ń bá egungun jà, ṣé ó lè gbọ́ orin ni?"

"Akọ̀wé, ilé oúnjẹ ló gbà wá."

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ jáde. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó bá wọn wí pé orúkọ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ lára pátákó mẹ́ta, nítorí pé onígbàjámọ̀ kò fẹ́ ti àkọ́kọ́, kunlékunlé kò sì fẹ́ ti èkejì. Ó ní kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n dì í mú. Ó ní tí wọ́n bá kọrin tán, kí wọ́n má sáré lọ di gìtá, kí wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kí èèyàn, kí wọ́n béèrè bí àwọn ṣe lè ké sí wọn nígbà mìíràn. Ó ní kí wọ́n má kó gbogbo orin jáde lẹ́ẹ̀kan. "Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tà. Bí wọ́n bá gbé e délé, wọn á padà wá bi yín pé kí ló kù." Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: ọ̀rọ̀ gidi ni ọkùnrin náà ń sọ. Ohun tó ń múni bínú ni pé òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni.

Orin ọkọ̀ ló mú. Ó gba ohùn gìtá nìkan sílẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà kó máa kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi sórí ayélujára láìsí ohùn obìnrin náà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn ọbẹ̀ ná. Àmọ́ ọ̀gá onípolówó yìí ń kánjú, kò sì rójú fi àmì ohùn sí ohun tó kọ. "Oko mi" ló kọ, bẹ́ẹ̀ gbọnrangandan.

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí dá a lóhùn, àwọn náà láìfi àmì sí i. Tẹ Bíréèkì gba fóònù lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó ń kà á sókè.

"'Ọlọ́run, fún mi ní irú ọkọ̀ yìí.'" Ó gbójú sókè. "Ọkọ̀ wa yìí náà? Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ o." Ó tún kà á lọ. "'Tèmi náà ń wúkọ́ láti oṣù tó kọjá, ó kọ̀, kò lọ sílé ìwòsàn.'" Ó gbé fóònù kúrò lójú. "Akọ̀wé, mọ́tò wo ló ń lọ sílé ìwòsàn?"

Akọ̀wé yọ bírò létí, ó tún un há. "Ìyàwó wa, ọkọ ni wọ́n kà á sí. Ọkọ tí èèyàn fẹ́. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ẹ wo iye àwọn tó ń pè, ná."

Ìyá ìyàwó kan ló kọ́kọ́ pè. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n wá kọ "orin ọkọ" yẹn níbi ìgbéyàwó òun, ìyá náà sì ní àwọn àbúrò òun náà ní ọmọbìnrin tó ń múra àtilọ sílé ọkọ. Ó fẹ́ gbọ́ èsì wọn kí ọ̀la tó ṣú.

Wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, láàárín dígí àti irun ilẹ̀. Onígbàjámọ̀ kò jẹ́ kí ó pẹ́, ó gbé gìtá lé itan.

"Ohùn kan péré ni," ó ní. "Ọkọ̀: re, dò. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Re, re. Ọkọ."

"Ṣé ẹ ti rí i," Akọ̀wé sọ, "ohùn kan ni."

"Tí a bá tún gbé e sókè sí i ńkọ́?" Tẹ Bíréèkì bi wọ́n. "Re, mí. Ọkọ́. Ká máa kọ ọ́ fún àwọn tó ń roko."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ rọra kọ ọ́ fúnra rẹ̀, re, re, títí dé ibi tí ó ti ní òun yóò sọ̀kalẹ̀, òun yóò tì í. Ó dùn. Ká má parọ́, ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kunlékunlé yíjú sí ògiri bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀dà ti bó.

"Irọ́ ni," Tẹ Bíréèkì sọ. "Mọ́tò ni mo kọ ọ́ fún. Mi ò ní í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Onígbàjámọ̀ gbé gìtá kalẹ̀. "Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Bí ọdún yìí bá tún lọ báyìí, màá tà á fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ mi ń ro mí, ìyàwó mi ń wò mí, ilé oúnjẹ yẹn náà sì ti sú mi." Kò pariwo. Bí onígbàjámọ̀ bá lọ, ẹgbẹ́ tú nìyẹn, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Tẹ Bíréèkì kò sọ fún wọn ni pé kì í ṣe tìtorí irọ́. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń rò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò pè é sí. Bí orin yìí bá di orin ọkọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù á sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń polongo rẹ̀: kò dán, ó ń wúkọ́, bí wọn ò bá sì tì í, kò ní í lọ. Wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí irun á fi funfun lórí rẹ̀. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, kò sọ fún un.

Àmọ́ ṣé Akọ̀wé lè pa ẹnu mọ́? Ẹnu tí í polówó fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bíréèkì ọkọ̀ kò dáa, atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ láti fa atẹ́gùn náà jáde, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sókè láti máa bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń rí nílẹ̀.

"Tẹ bíréèkì," ọkùnrin náà sọ.

"Ẹ ti gba iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Dì í mú." Ó tú nọ́ọ̀tì, atẹ́gùn sín jáde, ó dè é padà. "Jù ú sílẹ̀. Akọ̀wé ní o kọ̀ láti gbé ohùn yẹn sókè."

Ìyàwó rẹ̀ jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Nítorí yín ni. Wọn á máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ nínú orin yẹn, ara yín ni wọ́n máa kó o lé."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, orin ọkọ̀ yìí ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ," ohùn náà jáde láti ìsàlẹ̀, ó rọra ń bọ̀. "Èmi ni mò ń tún un ṣe. Tó bá wúkọ́, èmi ni mò ń wò ó sàn. O ní ó mọ̀nà ilé rẹ. Ta ló ń rán an wálé? Wọ́n ní àgbàlagbà kì í jowú mọ́tò. Èmi jowú, Kọ́sítọ́mà. Mo jowú."

"Mẹkáníìkì..."

"Jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó wà. Mo rò pé ìwọ lo ò fẹ́ kí n wà nínú rẹ̀ ni."

Obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dá tírélà dúró wá ohùn tì. Omi lé sí i lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, kò gbé e.

"O lè jù ú sílẹ̀," ọkọ rẹ̀ sọ. "Ó ti dáa."

Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó pe ìyá ìyàwó pé àwọn ń bọ̀.

Níbi ìgbéyàwó náà, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn pé mọ́tò òun ni òun kọ orin náà fún, àti pé ẹni tó bá fẹ́ rí i, ó wà níta, kí wọ́n má fara tì í, ọ̀dà ara rẹ̀ á bó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá ìyàwó pàápàá di ikùn mú. Ó wá kọ ọ́ bó ṣe wà, re, dò, wọ́n ń jó, wọ́n ń fọwọ́ ti ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yípo dé ìbẹ̀rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. Mẹkáníìkì dúró síbẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, torí epo kì í tán léèékánná rẹ̀. Obìnrin náà gbé ohùn kan yẹn sókè, ó sì gbé e síbẹ̀ dé ìparí. Ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn ti dákẹ́. Àwọn tọkọtaya ń wo ara wọn. Onígbàjámọ̀ ta gìtá náà bí ẹni tí ọwọ́ kò ro rí.

Àwọn àbúrò ìyá ìyàwó bi wọ́n ní ẹnu ọ̀nà pé ọjọ́ wo ni ọwọ́ wọn dilẹ̀. Akọ̀wé dá wọn lóhùn bíi pé òun ló kọrin. Láti ọjọ́ náà, kì í tún kọ ọ̀rọ̀ kankan sórí ayélujára láìfi àmì ohùn sí i, ó tilẹ̀ ń fi sí ibi tí kò yẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń dúró lójú ọ̀nà, Tẹ Bíréèkì sì yí kọ́kọ́rọ́, ó yí i títí. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì, àwọn mẹkáníìkì ti ń fi ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ bá wa tì í o! Ẹni tí kò dán!" Ọkùnrin náà kò dá wọn lóhùn, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú táyà tó mú dání.

Ìyàwó rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. Ohùn tó ń dá tírélà dúró ló fi pè é, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ohùn méjèèjì yékéyéké:

"Ọkọ mi! Ọkọ̀ mi ò jí o!"

Ọkùnrin náà gbé táyà kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́, ó sì ń bọ̀.