Bàtà Ìyá Àgbà Létí Òkun

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ìjọ rán mi láti Dassa lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní Grand-Popo, níbi tí ilẹ̀ ti tín-ín-rín, tí ọ̀sà wà lápá kan, tí òkun wà lápá kejì. Nígbà ìsinmi, ìyá àgbà wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá mi, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́rùn, àpò ẹ̀pà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí òkun kí ojú òun tó fọ́ pátápátá.

Atukọ̀ kan gbé wa kọjá ọ̀sà lọ sí ṣóńṣó ilẹ̀ náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Iyanrìn ló wà níbẹ̀, àti koríko tí ń fà nílẹ̀, àti akàn tí ń sá wọ ihò. Ariwo ìgbì kò dákẹ́. A rìn títí. Ìyá àgbà wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó ní funfun lásán lòun ń rí.

"Òkè dà?" ló bi atukọ̀ ní èdè Fọ̀n tó fi ń nájà. "Ibo lẹ máa ń dúró sí wo nǹkan níbí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí òkìtì iyanrìn kan. Lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ lásán la fi ń gun àpáta, ìsàlẹ̀ la sì ń bọ́ bàtà sí. Kò sẹ́ni tí í fọwọ́ kàn án. A bọ́ tiwa kalẹ̀, a gun òkìtì. Lókè, funfun náà ni. Ojú ìyá àgbà kò lè ya omi sọ́tọ̀ lára ọ̀run. Mo gbàdúrà sínú fún un.

Ìgbà náà ni atukọ̀ ké sí wa pé omi ti ń kún, pé bàtà wa ti ń lọ. Ìyá àgbà fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ọmọdé. Kó tó nawọ́ mú bàtà, ìgbì dé, ó gbé e jókòó sínú omi. Mo sáré lọ fà á. Ó tutọ́ iyọ̀ dànù, ó tún bu omi díẹ̀ tọ́ wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ dìde ká máa lọ."

"Fi mí sílẹ̀ ná. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọra wa ni."

Ó jókòó síbẹ̀, ìgbì ń gbá a lẹ́yìn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá a.

Ẹsẹ̀ lásán ló fi wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Wọ́n sọ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni ní Dassa bá bi í bóyá ó rí òkun lóòótọ́, á ní kó lọ béèrè bàtà òun lọ́wọ́ òkun.