Ọjọ́ Jímọ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ tí kò jí

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ro ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí níbí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó rín in dáadáa. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tán.

Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó gba oko lọ. Kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe tèmi. Ṣẹ́rífátù ọmọ mi ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sókè òkun. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fi í ṣe: fídíò ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó di ọdún kejì báyìí tí ìyàwó mi ti kú. Nínú fídíò yẹn, ó ń jọ èlùbọ́, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé mo rí okùn lóko, mo pè é ní ejò, mo sá délé. "Ẹ wá wo ọkọ mi o, akọni tí okùn lé wálé!" Á wá bú sẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Tí mo bá ti kírun Jímọ̀ dé, tí ilé pa lọ́lọ́, màá tàn án, màá jókòó, ìyàwó mi á máa bú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í bú yín mọ́, ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń sọ?

Ní Jímọ̀ kan, mo tàn án, ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wálẹ̀ bí ìjàlọ tí wọ́n da eérú gbígbóná sí. Ó ṣàdédé dúró gbọn-in. Mo fi ìka tọ ìlà kan, mo ń kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: kernel panic. Ẹ pa ti àkọ́kọ́ tì, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ "panic"! Tíṣà wa ní ìbẹ̀rù-bojo ni. Háà! Bí irin bá ń bẹ̀rù, kí ni kí èmi ẹlẹ́ran ara ṣe?

Mo pa á, mo tún un tàn. Bákan náà. Mo ṣe Bìsìmílà sí i. Bákan náà.

Mo gbé e lọ Ṣakí. Ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òun á nu gbogbo inú rẹ̀ nù, òun á wá tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní fídíò inú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Bàbá, ẹ kàn máa ya òmíràn ni."

Ya òmíràn! Mo gba ẹrù mi. Lórí ọ̀kadà dé ilé, mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tí ibà ń ṣe.

Mo pe Ṣẹ́rífátù. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bẹ̀rù." Èmi? Ta ló ń bẹ̀rù? Ohùn mi ni kò jẹ́ kó gbà mí gbọ́.

Ó ṣàlàyé pé kernel yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jí nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń jí àwọn yòókù, bí ìyálé tó ń kọ́kọ́ dáná. Tó bá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sẹ́ni tí yóò jí nínú ilé. Ó ní kí n tàn án nígbà mẹ́rin, kí n máa da ìlà tó gbẹ̀yìn kọ sínú ìwé. Mo kọ ọ́ bí ọmọ iléèwé, mo yọ ahọ́n síta. Mo wá kà á sí i létí.

Ó ní ká ní ètò inú rẹ̀ ló dàrú ni, ojú kan náà ni ì bá máa ṣubú sí. Ṣùgbọ́n ibi tó bá wù ú ló ń ṣubú sí, ara irin rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dùn ún nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, níbo lẹ máa ń gbé e sí?"

Mo ní ibi tó dára ni.

"Bàbá, níbo?"

Mo jẹ́wọ́. Orí àjà ni, lókè ààrò, níbi tí bàbá mi ń kó irúgbìn àgbàdo sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n, ṣebí ibẹ̀ là ń gbé e sí? Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń fi èéfín tọ́ kọ̀ǹpútà!

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tú ìdí rẹ̀.

Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ẹ̀mí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, mo mú sukudiráfà. Bàbá Gàníyù, ará ilé kejì, yọjú lórí ògiri: "Ìgbà wo lo di alápatà? Èdọ̀ dà?" Mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Pátákó pẹlẹbẹ méjì wà níbẹ̀, Ṣẹ́rífátù ní lórí fóònù pé àwọn ni mẹ́mọ́rì, ohun tí ẹ̀rọ fi ń rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èéfín ti bo eyín wọn. Ó ní kí n fi írésà nù wọ́n jẹ́jẹ́, kí n máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi àkọ́kọ́ sí i. Lẹ́tà sáré, ó dúró. Inú mi bà jẹ́. Mo yọ ọ́, mo fi èkejì sí i. Lẹ́tà sáré, ó sáré, ó kọjá! Iná ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Mo ṣí fídíò. "Ẹ wá wo ọkọ mi o..."

Fóònù ṣì wà létí mi. Ṣẹ́rífátù ń gbọ́ ọ títí ìyá rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín tán. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tàn." Mi ò mọ̀ pé kò ní fídíò náà lọ́wọ́ lókè òkun. Ọdún méjì ni mo ti ń dá jẹ ẹ̀rín yẹn! Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ránṣẹ́. Ó ti wà lọ́dọ̀ òun náà báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: ohun tó jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má fi sójú kan, ẹ pín in fún ẹni tó mọ iyì rẹ̀. Ṣé ẹ ní ohùn kan lọ́wọ́ tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ká sòótọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ni mo ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ kan, mi ò ní rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.