Ayùn Tuntun Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pe ẹnìkejì mi ní ṣọ́ọ̀bù, torí kò sóhun tó ń fi wàràwàrà ṣe láyé ẹ̀. Tó bá fẹ́ ra bàtà, ó máa kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ wò bí aláìsàn kó tó sanwó. Káfíńtà ni wá. Ọ̀gá kan ló kọ́ wa níṣẹ́, ayùn ọlọ́wọ́ méjì kan la sì jọ fi ń la igi: òun á fà, èmi á fà. Bí ọ̀kan nínú wa ò bá wá, igi ò ṣeé là lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi a máa sọ pé ọkọ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lòun ń yá lò.

Ìgbà tí irú èèyàn báyìí wá gbé páálí ńlá kan wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ò sọ fẹ́nikẹ́ni tẹ́lẹ̀, ara fu mí.

"Kí lo gbé yẹn?"

"Fara balẹ̀."

Ó tú okùn páálí náà, kò já a. Ó ká ọ̀rá inú ẹ̀, ó fi sápò. Ayùn oníná ló fà yọ, eyín ẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Ó gbé e yí sọ́tùn-ún, ó gbé e yí sósì, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn ara ẹ̀ nù ún. Mo ti mọ̀ ọ́n látìgbà tí kò ì tíì hu irùngbọ̀n, mi ò rí kínú ẹ̀ dùn tó báyẹn rí.

Èmi ń wá ibi tí ẹnìkejì máa ti dì í mú. Kò sí.

"Ọ̀rẹ́, eléyìí máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ pátápátá."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn o. Ẹni tó fẹ́ kéèyàn sinmi, bó ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ léèyàn lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe máa sọ ọ́ náà nìyẹn. Èwo wá ni tiẹ̀? Mi ò bi í. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Lọ́sàn-án, mo lọ jẹun nílé, mo rò ó fún ìyàwó mi.

"Ṣó sọ fún yín kó tó rà á?"

"Kò sọ."

"Hùn."

Hùn yẹn bà mí lẹ́rù ju ayùn lọ. Nígbà tí mo fi padà, kò sóhun tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń ṣe tí ò ní ìtumọ̀ méjì lójú mi. Ó ti gbálẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ibi tí mo máa ń dúró sí ló mọ́ jù? Ó ti gbé ayùn àtijọ́ kọ́ ògiri. Ó ń kọrin. Inú bí mi.

"Gbé nǹkan yẹn wá kí n wò ó."

Mo rò pé ó máa kọ̀. Ó nà án sí mi wéré. "Ìwọ ni mo tiẹ̀ ń dúró dè."

Ìyẹn náà tún fu mí lára. Àbí ó fẹ́ kó gé mi lọ́wọ́ ni?

Mo ki wáyà ẹ̀ bọ iná, mo tẹ bọ́tìnì. Ó ké, apá mi gbọ̀n, ó sì wọnú igi lọ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọnú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi dé eegun. Mo la ọ̀kan, mo fa òmíràn wá, mo là á. Mo gbàgbé ìbínú, mo gbàgbé ìyàwó mi àti hùn ẹ̀. Èmi nìkan, mo la gbogbo igi tó wà nílẹ̀ tán.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúró sódìkejì igi, níbi tó máa ń dúró sí. Ó ti ya ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò sóhun tó dì mú. Ó ń wò mí.

Mo pa ẹ̀rọ náà.

"Ṣé kí n máa lọlé ni?" ló bi mí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi í látàárọ̀ nìyẹn. Mo ní rárá, ìsọkúsọ wo nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara ìka mi ni ojú ẹ̀ wà, ìka mi ò sì tíì kúrò lórí bọ́tìnì.